Fídíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kọ́ Yorùbá n'Ìbàdàn: ṣé ó tọ́ ká fi polówó ètò?

Àbúrò_Ọ́fíìsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè òkun. Lára ètò tó wà lọ́wọ́ mi ni ti Yorùbá: tí wọ́n bá gba ọlidé gígùn, àwọn ọmọ yìí á lọ sí Ìbàdàn, wọn á máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí, wọn á lọ kíláàsì láàárọ̀, wọn á rìn káàkiri ìlú lọ́sàn-án. Ètò náà dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Ìwé ìpolówó wa ń dán gbinrin, àwòrán ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú ẹ̀, wọ́n kọ “ìrírí tí ẹ ò ní gbàgbé láyé” sórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Èmi gan-an ò kà á tán rí.

Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó lọ lọ́dún tó kọjá ṣe gbé fídíò kan sórí TikTok. Inú Micra ló wà, wọ́n há mọ́ ẹ̀yìn. Ó ń bẹ dẹ́rẹ́bà kó bá òun dín owó ọkọ̀ kù, ló bá ní, “Èyí gbọ́ Yorùbá jù, mi ò lè rí i rẹ́ jẹ!” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tán, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ ẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ímeèlì táwọn ọmọ ti kọ sí wa lọ. Èló ni? Ṣé ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá rárá lè lọ? Ibo lẹ ń sùn? Ṣé obìnrin lè dá rìn?

Ọ̀gá mi ti wá ní kí n kó gbogbo fídíò, àwòrán àti ohun táwọn ọmọ náà ti kọ jọ, ká máa fi polówó. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ara ń fu mí. Ta ló ni nǹkan wọ̀nyí? Tẹ́nì kan bá ní wọn ò rí iná lò fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́, ṣé ká gé ibẹ̀ kúrò? Àwọn ará Ìbàdàn tójú wọn hàn nínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Onífídíò_Ṣúrùlérè

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Fídíò ni mo fi ń jẹun, torí náà ibi tó kàn mí ni màá sọ. Ẹ má fọwọ́ kan ti Micra yẹn. Ẹ má fi lógò síbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ má fi orin sábẹ́ ẹ̀, ẹ má sì ní kọ́mọ náà wọṣọ tó dáa lọ tún un yà. Bí kámẹ́rà ṣe ń gbọ̀n, tí ariwo ọ̀nà ń wọlé, ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi kún un ni kẹ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n ń sọ sísàlẹ̀ fídíò, Yorùbá tó lámì lórí àti Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀pọ̀ ló ń wo fídíò láì ṣí ohùn ẹ̀.

Ohun tí mo ti rí lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mi ni pé wọ́n á gba fídíò tó dùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n á wá gbé e fún ilé iṣẹ́ ìpolówó. Ìgbà tí wọ́n bá gé e tán, ẹnu ọ̀gá ni gbogbo ọmọ ń sọ jáde. “Mo dúpẹ́ fún àǹfààní ńlá yìí.” Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nínú Micra?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá_Leipzig

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. DAAD, àjọ àwọn yunifásítì Jámánì tó ti ń rí sí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti 1925, ní ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015, “studieren weltweit – ERLEBE ES!” lorúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé “kàwé káàkiri àgbáyé, fojú ara rẹ rí i!” Wọ́n fẹ́ kó wu àwọn ọmọ Jámánì láti lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè. Dípò kí ọ̀gá àjọ máa sọ̀rọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ gan-an ni wọ́n ń sọ di akọ̀ròyìn. Àwọn yẹn á máa kọ búlọ́ọ̀gù, wọn á máa ya fídíò, wọn á máa gbé àwòrán sórí Instagram láti ibi tí wọ́n wà. Ohun tí mo fẹ́ kí Àǹtí mú níbẹ̀ ni pé ọmọ náà mọ ohun tóun gbà láti ṣe, orúkọ iṣẹ́ náà wà lára ẹ̀. Kì í ṣe pé ó délé tán kí ẹnì kan wá máa tú inú fóònù ẹ̀.

Èmi fúnra mi, Erasmus Mundus ló gbé mi débí, ètò máàsítà ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n fi ń kàwé ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán. Àwòrán ilé aláràbarà kọ́ ló fà mí. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ti lọ ṣáájú ló kọ bóun ṣe wá ilé títí, pé onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kan kéèyàn tó lè lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún èèyàn láti ṣe é, pé báńkì tóun lọ ò dá òun lóhùn láìsí ìwé yẹn. Inú ló bí i tó fi kọ ọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀, ọkàn mi wá balẹ̀, torí mo ti mọ ohun tí mo máa bá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù.

Olùkọ́_tó_ti_padà

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo wà lára àwọn tí Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, kó lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ wọn ní Yorùbá, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní FLTA. Ọdún ẹ̀kọ́ kan ni. Àwọn olùkọ́ Haúsá àti Ígbò náà máa ń wà níbẹ̀.

Fulbright ti wà láti 1946, wọ́n sì ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ní búlọ́ọ̀gù nígbà tó wà lábẹ́ ètò náà, wọ́n á ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kì í ṣe ojú-òpó ìjọba Amẹ́ríkà, pé èrò òun nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Fulbright. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó jọ mí lójú pé wọ́n fẹ́ yọ ọwọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ káwọn èèyàn fọkàn tán ohun tí mo bá kọ. Mo kọ nípa yìnyín, mo kọ nípa owó tó kù mí kù lóṣù kìíní, mo kọ nípa kíláàsì tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́rin ló jókòó síwájú mi. Àwọn olùkọ́ tó fẹ́ wá lẹ́yìn mi ń kà á.

Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí jù kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan lójú kedere: òfin ọdún méjì. Físà J-1, ìyẹn físà pàṣípààrọ̀, tí ìjọba fowó sí, ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì kó tó lè gba green card tàbí físà iṣẹ́ H-1B, àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda ẹ̀ fún un. Èèyàn tó ti lọ tó ti bọ̀ lẹ ó ti gbọ́ irú ẹ̀ lédè tó yé yín.

Torí náà Àǹtí, ẹ fi fídíò náà sílẹ̀ sójú-òpó ọmọ tó ṣe é, kẹ́ ẹ kàn máa tọ́ka síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kó o wá sábẹ́ lógò yín, ẹ rò ó dáadáa.

Alátakò_gidi

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n da omi tútù sí i díẹ̀. Àwọn ọmọ yìí fowó ara wọn lọ, àwọn kan ṣì ń jẹ gbèsè ẹ̀. Wọ́n dé tán, ẹ ní kí wọ́n wá báa yín polówó lọ́fẹ̀ẹ́. Lórúkọ kí ni?

Ẹ wo Gilman, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí òfin ọdún 2000 dá sílẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ òbí wọn. Ẹni tó bá gba owó Gilman ní iṣẹ́ kan láti ṣe láàárín oṣù mẹ́fà tó bá padà: kó wá ọ̀nà tó máa fi jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ míì mọ̀ nípa ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà àti nípa lílọ kàwé lókè òkun. Ìyẹn yé mi. Wọ́n ti sọ ọ́ kó tó gba owó, owó sì wà níbẹ̀. Tiyín, ìgbà tí fídíò ti gbòde tán lẹ wá rántí pé ẹ fẹ́ ẹ.

Ìkejì. Ta ló ń gbé fídíò síta? Ẹni tó gbádùn ni. Ẹni tí ibà dá wó tó sì padà sílé láàárín méjì, kò ní gbé nǹkan kan sórí TikTok. Tẹ́ ẹ bá ń kó ohun tó wà níta jọ nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ kó. Ẹ lọ bá àwọn tó dákẹ́. Ẹ sanwó fún wọn pẹ̀lú.

Agbẹjọ́rò_Ìkẹjà

Mo kí gbogbo yín. Ohun tí mo bá sọ níbí, ẹ mú un fún ìmọ̀ràn lásán, kí agbẹjọ́rò yunifásítì yín fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ya fídíò ló ni ín. Pé ó gbé e sórí TikTok kò sọ ọ́ di ti yunifásítì. Àṣẹ tó fún TikTok, TikTok ló fún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀: ibo lẹ fẹ́ lò ó sí, fún ìgbà wo, ṣé ẹ lè gé e, ṣé ó lè sọ pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́la. Ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Ọmọ ogún ọdún tó ń jó nínú fídíò lónìí lè máa wáṣẹ́ lọ́dún mẹ́rin òní, kó má fẹ́ kí ọ̀gá tuntun rí i. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, GDPR, òfin wọn lórí ìsọfúnni ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, jẹ́ kéèyàn lè gba ìyọ̀ǹda tó ti fún ọ padà. Nàìjíríà náà ti ní òfin tiẹ̀ lórí ìsọfúnni ara ẹni láti 2023.

Tẹ́ ẹ bá sì sanwó gẹ́gẹ́ bí Alátakò ṣe wí, tàbí tẹ́ ẹ fún ọmọ ní ẹ̀dínwó, tàbí aṣọ tó ní lógò yín, ó gbọ́dọ̀ hàn sójú ẹni tó ń wò ó. FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ò gbà kí wọ́n fi irú ẹ̀ pa mọ́ sísàlẹ̀ láàárín háṣítáàgì ogún.

Ti ọmọdé: ẹ má lò ó láìsí òbí. Àwòrán ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín tó wà níwájú ìwé yín yẹn, ṣé ẹ mọ ìyá wọn?

Ìyá_Onílé_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló fi èyí hàn mí lórí fóònù, mo ní kó jẹ́ kí n dá sí i, torí ilé mi ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń dé sí.

Mo gba ọmọbìnrin kan. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó sì ń jẹ àmàlà bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọjẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi bà jẹ́. A pọnmi látinú kànga aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni mo wà nínú ilé ìdáná, mo ró ìró méjì mọ́ra, mo ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ àwo. Mi ò mọ̀ pé fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ mi tó wà ní London pè mí: “Màámi, kí lẹ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?” Ó ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀ fún mi. Wọ́n ń káàánú mi. Wọ́n ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jìyà, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyà wo? Omi ẹ̀rọ wà nílé mi ju ogún ọdún lọ!

Mo sọ fún ọmọ náà, ó sunkún, ó yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ni fídíò, ẹ ń sọ ti owó, ẹ ń sọ ti òfin Amẹ́ríkà. Èmi tí mo se oúnjẹ, ta ló bi mí? Ẹ ní kó bi mí léèrè kó tó yà mí, màá lọ wé gèlè. Kódà ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí mo lè sọ fún ìyá tó fẹ́ fọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí ọmọ ogún ọdún ò lè sọ.

Àbúrò_Ọ́fíìsì

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá sí i. Mo kúnlẹ̀ o.

Lóòótọ́, mi ò ronú débẹ̀ pé àwọn òbí tó ń fọmọ ránṣẹ́ náà ń wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí ṣì kù o: àwọn fídíò tí ò dùn. Alátakò ní ká lọ bá àwọn tó dákẹ́, ọ̀gá mi ní tá a bá fi ìwọ̀nyẹn síta, ta ló máa forúkọ sílẹ̀?

Ọmọ_Baltimore

Ẹ káàsán o. Yorùbá mi ò tíì dáa tó, ẹ máa bá mi tún un ṣe.

Mo jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú. Mo lọ sí irú ètò yìí (kì í ṣe ti yunifásítì Àǹtí). A pọ̀ nínú kíláàsì, àwọn kan jẹ́ aláwọ̀ funfun. Tí ọ̀rẹ́ mi aláwọ̀ funfun bá wọ ọjà tó sì sọ pé “Ẹ kú ọjà o,” gbogbo ọjà á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fún un ní ọsàn ọ̀fẹ́. Tí èmi bá sọ ohun kan náà, wọ́n á wò mí pé kí ló dé tí ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ báyìí, ṣé ó ń fi wá ṣeré ni? Ojú mi jọ tiwọn, nítorí náà wọ́n rò pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí gan-an ní oṣù kìíní. Lẹ́yìn náà, ìyá oníṣu kan ní Bódìjà mú mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n máa ta iṣu pẹ̀lú òun ní gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iṣu.

Mo ṣe fídíò nípa ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú ìyá oníṣu. Ó gbà kí n yà á. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò wa. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó. Èyí tí mo ti ń jó níbi ìgbéyàwó ni wọ́n lò. Tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni ọjà ṣe máa rí fún mi, n kò ní sunkún ní oṣù kìíní. Màá ṣì lọ. Ọ̀rẹ́bìnrin mi kan wo fídíò náà lórí fóònù mi, òun ló wá lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Onífídíò_Ṣúrùlérè

Àbúrò, Yorùbá ẹ dáa ju ti ọ̀pọ̀ wa ní Èkó lọ.

Àǹtí, ìdáhùn ọ̀gá yín nìyẹn. Ẹni tó rí fídíò ìyá oníṣu ló wọ bàálù. Bẹ́ ẹ bá ní kọ́mọ “sọ ìrírí rẹ fún wa,” ọpẹ́ lásán ló máa sọ. Ìbéèrè kékeré ni kẹ́ ẹ bi í. Kí lo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Ta lo kọ́kọ́ bá jà, kí ló fà á? Níbo lo ti ń fọṣọ? Nígbà tí iná lọ, kí lẹ ṣe? Irú ìbéèrè wọ̀nyẹn ò jẹ́ kó ráyè purọ́. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kó gbé fóònù dúró gbọọrọ, kó fẹ̀yìn sí ògiri kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ wọ ohùn ẹ̀.

Alátakò_gidi

Ó dáa, mo gbà fún un lórí ìyẹn. Nǹkan méjì péré ló kù tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé fídíò síta níbi tí wọ́n wà lásìkò tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Kí wọ́n ti kúrò lọ́jà kí fídíò ọjà tó jáde, kí wọ́n pa ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà, kí ojú ọ̀nà àti nọ́ńbà ilé tí wọ́n ń gbé má hàn rárá. Ilé Màámi kọ́ ni kí gbogbo ayé mọ̀.

Ìkejì, kí ọ̀gá yín má wá máa ka iye èèyàn tó wò ó. Ẹgbàágbèje lè wo ijó ìgbéyàwó, kí ẹyọ kan má forúkọ sílẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè kan sínú fọ́ọ̀mù: kí lo rí tàbí kà kó o tó pinnu? Ẹ fi àyè sílẹ̀ kó kọ ọ́ fúnra ẹ̀.

Àbúrò_Ọ́fíìsì

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó gbà pé ká yan ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ká sanwó fún wọn, ká sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a sanwó. Ojú-òpó tiwọn ni fídíò á wà. Ó gbà fún fídíò tí ò dùn náà, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ wò ó kó tó jáde. Lórí ìyẹn la ṣì ń fà á, mi ò tíì jáwọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda fáwọn ará Ìbàdàn, mo fẹ́ kó jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo, ní Yorùbá. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, ìyá oníṣu tí ò mọ̀wé kà ńkọ́? Ṣé ìtẹ̀ka tó?

Agbẹjọ́rò_Ìkẹjà

Ìtẹ̀ka nìkan ò tó, torí ohun tí ò yé e ló tẹ̀ka sí. Kí ọmọ náà ka ìwé ọ̀hún sí i létí, kó fi fídíò náà hàn án lójú fóònù, kó wá gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń sọ pé òun gbà. Kó sọ orúkọ ara ẹ̀ àti ọjọ́. Kí ẹlòmíì tó gbọ́ èdè wà níbẹ̀. Kó sì mọ ẹni tó máa pè tó bá yí ọkàn padà: nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà o, ẹ má fún un ní ímeèlì.

Ìyá_Onílé_Bódìjà

Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Àbúrò, èmi mọ̀wé kà, mi ò sì fẹ́ tẹ̀ka. Tí ìwé yẹn bá ti délẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ọmọ mi, kí n kà á kí àwọn ọmọ náà tó dé. Ẹ tún bá mi bi ọ̀gá yín: owó tẹ́ ẹ ní ẹ máa san fún àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń ya fídíò yẹn, èló ni tèmi níbẹ̀ tí mo bá wé gèlè?